Àṣírí Ta Ni À Ń Bò?

Ibà la ní ó ń ṣe é. A sọ fún oníbàárà wa ní Èkó pé ibà ni. A sọ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pé ibà ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè láti Challenge, tó ní kí ló dé tí ọmọ òun ò gbé fóònù mọ́, ọ̀kan nínú wa dá a lóhùn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má jáyà, ibà díẹ̀ ni, ó ti ń lo oògùn." Ìyá náà dúpẹ́, ó sì ṣàdúrà fún wa.

Àwa márùn-ún là ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nínú yàrá méjì kan ní Bódìjà nígbà náà, òun ni ọwọ́ rẹ̀ sì yá jù nínú wa. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò rí oorun sùn dáadáa. Ó ní àwọn kan ń ka gbogbo ohun tí òun ń tẹ̀, pé bí jẹnẹrétọ̀ bá ti dákẹ́ lóru, òun máa ń gbọ́ ohùn wọn. Ó fi pílásítà bo káàmẹ́rà láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ìyẹn ò bà wá lẹ́rù, ṣebí bí ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pílásítà dí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì iná lára ògiri ni a wo ojú ara wa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

A mú un lọ sí yàrá rẹ̀ ní Àgbowó. À ń gbà á fún ara wa láti sùn tì í, à ń ra oúnjẹ fún un, à ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ tiwa. Bí ẹ bá bi wá nígbà náà, a ó sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ gidi ni wá. À ń bo àṣírí rẹ̀ ni.

Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe níyì tó lẹ́nu wa. Bí wọ́n bá ní kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, àmín tí a máa ń ṣe sí i kì í ṣe kékeré. Ẹni tó yá wa lówó lọ́jọ́ tí kò sí, àṣírí wa ló bò. Ẹni tó bá tú àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ síta, ọ̀dàlẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ti ní àṣírí lòun ń bò, kò sẹ́ni tó máa ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó bi ara wa pé, àní, àṣírí ta ni à ń bò gan-an?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Oníbàárà yẹn lè gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wa bó bá gbọ́. Ẹ̀rù ń bà wá kí wọ́n má lọ máa pe ọ́fíìsì wa ní ibi tí wèrè ti ń jáde. Onílé ń bẹ, aládùúgbò ń bẹ. Nínú gbogbo ìdí tí a ní, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ ti ọ̀rẹ́ wa, òun náà la sì ń tì síwájú nígbàkigbà tí a bá ń ṣàlàyé.

Ohun tó dùn wá jù ni èyí. Nígbà tí a sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀ níkẹyìn, màmá ò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Bí ti àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Irú ẹ̀ ti ṣe àbúrò wọn ọkùnrin lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn: àìsùn, ohùn, ìfura. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ìyàwó. Màmá mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n mọ irú ìbéèrè tí dókítà máa ń béèrè, wọ́n mọ bí oògùn ṣe máa ń ṣe ènìyàn ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ̀nà wà ní Challenge, àwa ń sọ ọ̀rọ̀ ibà fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ màmá náà ò gbọ́ nípa àìsàn yẹn rí. Wọ́n ti fi pamọ́ fún un láti kékeré, kó má baà bẹ̀rù, kí àwọn àna má baà gbọ́. Àwa ń parọ́ fún ìyá, ìyá ti parọ́ fún ọmọ, gbogbo wa là ń bo àṣírí.

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó máa ń gbé àṣìṣe ara rẹ̀ mì, tí kì í kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ ó rò pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ọjọ́ tó máa ń dákẹ́: ọjọ́ tí oníbàárà bá jókòó síwájú wa ni.

Wọ́n máa ń sọ pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́. Bí a bá ti rí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bódìjà tàbí ní Dùgbẹ̀, a ti gbà pé tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló sábà máa ń dé ibẹ̀? Ẹni tí wọ́n fi pamọ́ fún ọdún gbọọrọ láìtọ́jú ni. Ẹni tí wọ́n tètè tọ́jú ń tajà nínú ọjà kan náà, à ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀, a ò sì mọ̀, torí òun náà ò ní sọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nìkan la máa ń rí, òun la sì ń fi ṣe ẹ̀rí.

A ò sọ pé òmùgọ̀ ni ẹni tó fi pamọ́ o. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá. Ènìyàn 2,040 ni wọ́n bi. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 96 tó gbà pé eléwu ni ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ, torí ó lè ṣe ènìyàn léṣe. Nǹkan bí 83 ní ẹ̀rù á ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Bí 17 péré ló lè ronú pé àwọn á fẹ́ ẹ. Ká ní ẹ wọ Micra láti Àgbowó lọ sí Dùgbẹ̀, tí àwọn mẹ́rin tó wà níbẹ̀ bá mọ ohun tó ti ṣe yín rí, mẹ́ta nínú wọn á máa wojú fèrèsé. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni Ààrẹ Buhari ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Lunacy Act, ìyẹn òfin wèrè, ti 1958 la ń lò títí di ìgbà yẹn.

Síbẹ̀, ẹnì kan ti dán nǹkan mìíràn wò láàárín wa. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aro. Dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́lé, ó ṣètò kí àwọn kan máa gbé láàárín àwọn ará abúlé ìtòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ìbátan kan sì gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un lọ mú un bọ̀. Ìbátan yìí ló wú wa lórí jù. Lọ́dọ̀ Lambo, ẹ ò lè já ènìyàn yín sílẹ̀ kí ẹ lọ sọ nílé pé ó rìnrìn àjò. Àwọn tí à ń bẹ̀rù kí wọ́n má wọ ọjà, àárín ìlú gan-an ló kó wọn sí, ara ọ̀pọ̀ wọn sì yá.

Irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn níbí. Gureje yìí kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí òṣìṣẹ́ ìlera máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti sí ilé àdúrà tí wọ́n ti ń gba aláìsàn dúró, kí wọ́n jọ máa tọ́jú wọn. Aláìsàn 307 ló kópa, ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú sàn ju àwọn yòókù lọ. Ilẹ̀kùn kan ni wọ́n ṣí.

Ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ wa ṣì kù. Ọ̀rẹ́ wa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ń gbọ́." Ṣé òun ló sọ̀rọ̀ ni, àbí àìsàn? A jiyàn lé e títí di òru. Ọ̀kan nínú wa ní ìlérí ni ìlérí. Èrò wa báyìí ni pé ẹni tó ń ṣàìsàn ṣì ló ni àṣírí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá a pa á mọ́ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oore tí pípamọ́ yẹn ń ṣe fún un. A ò rí nǹkan kan tọ́ka sí. Sísọ fún ìyá rẹ̀ kì í ṣe títú àṣírí. Ní ti oníbàárà, "ara rẹ̀ ò yá" ti tó. Ibà tí a fi kún un ló burú, torí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa gbọ́ òótọ́ lẹ́yìn náà, ó sì sọ fún wa pé òun alára ò sùn dáadáa láti ìgbà tí bàbá òun ti kú. Ó ní òun ti fẹ́ẹ́ sọ fún wa tẹ́lẹ̀, àmọ́ òun rí i pé ibà nìkan ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì wa.

Oṣù mẹ́rin ni ọ̀rẹ́ wa lò kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tó dé, ó ní, "Kí lẹ sọ fún wọn pé ó ṣe mí?" A ní ibà. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé orí lé tábìlì. "Ibà oṣù mẹ́rin!"

Òun ló kọ́kọ́ ka àròkọ yìí. Ó yọ gbólóhùn méjì kúrò nínú rẹ̀, ó dá a padà. A ò bi í pé kí ló dé.