Kí Ni Àbúrò Mi Wá Ṣe Láyé?

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ Àjàyí Crowther ni àlùfáà wa fi ń wàásù, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ rán Àjàyí, òun ló ṣe jẹ́ kí wọ́n tà á lẹ́rú. Ó wá nàka sí wa: "Ìwọ ńkọ́? Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an, òfò ló fi ayé rẹ̀ ṣe!" Gbogbo ìjọ pariwo "Àmín!" Bẹ́ẹ̀, bí a bá wò ó dáadáa, èpè ni wọ́n ṣe àmín sí.

Ẹnu tèmi kò gbà á. Àbúrò mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ni mo rántí. Ọdún 26 ló lò láyé, kò rìn rí, kò sọ̀rọ̀ rí. Orí ẹní ló wà, ṣíbí ni Màámi fi ń bọ́ ọ títí Ọlọ́run fi gbà á. Iṣẹ́ wo ni Ọlọ́run rán an?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ Àjàyí yìí gbé yẹ̀ wò. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹṣin náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, ni wọ́n bá dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà padà! Lẹ́yìn ìyẹn, tábà àti ọtí wà nínú ohun tí wọ́n fi rà á. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837 pé lóru, òun a máa gbìyànjú láti fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ní òru tí ọmọ yẹn ń wá ọ̀nà àtikú, ṣé kò ì tíì níye lórí lójú Ọlọ́run ni, títí di 1864? Àìmọye tí wọ́n kú sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ju òkú wọn sínú òkun, tí wọn ò di nǹkan kan, òfò ni wọ́n wá ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ Ọlọ́run di alágbàtà ẹrú.

Orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì ní àwòrán ara rẹ̀ ni Ọlọ́run dá ènìyàn. Mo mọ̀ pé ẹ ó rán mi létí pé ibẹ̀ náà ló ti fún wa níṣẹ́. Òótọ́ ni, èmi tí mo ń fi kálàmù jẹun kò ní bú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán ló ṣáájú. Jésù fúnra rẹ̀, ní odò Jọ́dánì, kò tíì wàásù, kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn, tí ohùn ti wá láti ọ̀run pé àyànfẹ́ Ọmọ ni.

Ó sì yẹ kí èyí yé Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wo ló ti ṣiṣẹ́ rí tí a fi ń fún un ní oríkì? Àràárọ̀ ni Màámi ń ki Àbẹ̀kẹ́ bó bá ń wẹ̀ ẹ́, ọmọ náà a sì rẹ́rìn-ín.

Èmi náà kò mọ́ o. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, bí wọ́n bá bi mí pé mélòó ni ìyá wa bí, mẹ́rin ni mò ń wí. Márùn-ún ni wá.

Bí a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, mo bá Màámi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Màámi, kí ni Àbẹ̀kẹ́ wá ṣe láyé?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó wá, a sì kẹ́ ẹ. Ìwọ, mélòó lò ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nígbà yẹn pé mo bí?"

N kò mọ̀ pé ó ń gbọ́.