Ọmọ IT Lóko: Ta Ló Jẹ Ta Ní Gbèsè?

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe IT lóko ní agbègbè Abẹ́òkúta bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó ṣeé ṣe kó na àtẹ́lẹwọ́ tí ọkọ́ ti bó sí yín, kó ní, "Wọ́n kàn ń lò mí ni." Ẹ wá bi àgbẹ̀ tó gbà á. Òun náà á mí kanlẹ̀, á ní, "Ọmọ dáadáa ni o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó yẹ kí n ti ro tán láàárọ̀, ìbéèrè ni mo jókòó tí mò ń dáhùn." Kálukú wọn gbà pé ẹnì kejì ló jẹ òun ní gbèsè. Ta ló wá tọ̀nà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan tàbí méjì. Ní 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀, nígbà tó sì di 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kíláàsì lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tó wà lójú ọ̀nà Àlábàtà, àwọn tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn máa ń ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ oko gangan tí wọ́n bá dé 400 level. FPY ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún yẹn, ọkọ́ àti àdá ni bírò àti ìwé wọn.

Ẹ lè ní, ìwọ tó ń kọ sọ́fítíwíà jẹun, kí ló kàn ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ebè? Ó kàn mí, torí pé ìbéèrè kan náà ló wà nídìí gbogbo IT, ì báà jẹ́ lóko, ì báà jẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà: tí èèyàn bá ń kọ́ṣẹ́, tó tún ń ṣiṣẹ́, ta ló ń sin ta?

Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń fi pa ọmọ IT lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ẹni tí wọ́n rán ló ń bá wí, pé kó lo làákàyè, kó hùwà ọmọlúàbí. Kò sọ níbì kankan pé ó dáa kéèyàn máa ránni níṣẹ́ ẹrú. Bí ẹni tí wọ́n rán bá ti fi tọmọ jẹ́ ẹ, ẹni tó rán an ńkọ́? Iṣẹ́ ẹrú tó rán ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà lọ́rùn òun.

Kí SIWES tó dé, àwọn baba wa ti mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ lóko ẹlòmíràn láìgba owó. Ọ̀wẹ̀ wà: ẹni tíṣẹ́ ńlá bá délẹ̀ fún á bẹ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna, wọ́n á bá a ṣe é lọ́jọ́ kan, òun náà á pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Àáró wà: àwọn ẹgbẹ́ra á jọ ro oko lágbájá lónìí, wọ́n á ro ti tàmẹ̀dù lọ́la, títí á fi kárí. Ìwọ̀fà náà wà: ẹni tó yáwó á lọ máa sin olówó, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀ sìn ín. Iṣẹ́ yẹn ni èlé orí owó, kò dín kọ́bọ̀ nínú owó gan-an. Ọmọ lè ro oko olówó títí á fi di géńdé, kí gbèsè baba rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

Níbo ni IT bọ́ sí nínú wọn? Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àìgbowó ló mú ìwọ̀fà korò. Wọn kì í gbowó nídìí àáró náà. Ohun tó mú un korò ni pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kò dín nǹkan kan kù. Nídìí àáró, iṣẹ́ rẹ ń padà bọ̀, gbogbo ayé sì lè kà á: mo bá ẹ ro ogójì ebè, o bá mi ro ogójì. Àáró ni IT jọ jù, àmọ́ àáró tí ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ò ní oko ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní ilẹ̀ tí àgbẹ̀ lè wá bá a ro.

Wọ́n á ní ìmọ̀ ni àgbẹ̀ fi ń san án padà. Mo gbà. Ìmọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi oṣù mẹ́fà roko, ọ̀sẹ̀ mélòó ló fi kọ́ oko ríro? Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo oṣù tó kù, ẹ̀kọ́ ni àbí ọ̀fẹ́? Ẹ wá wò ó láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fa ọ̀dọ́ ẹ̀gúsí tu pẹ̀lú koríko, ta ló jẹ̀bi àdánù yẹn? Olùbẹ̀wò á dé láti iléèwé, á fọwọ́ sí logbook, akẹ́kọ̀ọ́ á gba máàkì rẹ̀. Àgbẹ̀ nìkan ni àdánù kù sí lọ́wọ́.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé lóṣù kẹrin, tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, lè gbin àgbàdo kó sì jẹ nínú rẹ̀ kó tó lọ, torí bí oṣù mẹ́ta ti tó fún àgbàdo. Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ó tó bí ọdún kan kó tó gbó dáadáa. Ẹni tó bá kúrò lóko lóṣù kẹsàn-án ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀gẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ta àbí kò ta. Láfún tí àwa Ẹ̀gbá ń fi yangàn, apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló rí. Bẹ́ẹ̀ ló rí lágbo tiwa náà. Ọmọ IT á kọ kóòdù, á lọ, ẹni tó ṣẹ́kù ni á máa jí lóru tí kóòdù náà bá kọṣẹ́. Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. A kàn rán an lọ kó tó mọ ohun tó ṣe ni.

Nígbà tí mo ṣe IT tèmi ní ọ́fíìsì kan, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá. Lóṣù kẹta, ọ̀kan nínú wọn fún mi ní iṣẹ́ kékeré kan, ojú ewé tí àwọn oníbàárà á ti máa yí ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn padà. Ó ní, "Tó bá bàjẹ́, ìwọ la máa pè." Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ṣe é, oorun ò kùn mí, ṣùgbọ́n inú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Ohun kan wà tó ń jẹ́ tèmi, èrè rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀.

Àwọn kan á ní gbèsè tí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ni pé kó dúró sóko, kó má lọ fi ohun tí àgbẹ̀ kọ́ ọ ṣe iṣẹ́ báńkì l'Ékòó. A ti gbìyànjú irú ẹ̀ rí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955. Àwọn ọmọ tó ń jáde iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ya lọ sí ìgboro, kò sì sí iṣẹ́ tó máa kárí wọn. Ní 1959, ìjọba bẹ̀rẹ̀ farm settlement, wọ́n wo àwòkọ́ṣe moshav ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́, wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn, wọ́n yá wọn lówó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló fi oko sílẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ni gbogbo wọn. Kòkó àti ọ̀pẹ ń gba ọdún bíi mélòó kan kó tó so, gbèsè sì wà lọ́rùn ọmọ tí kò tíì ká nǹkan kan. A ò lè fi gbèsè de èèyàn mọ́lẹ̀ ká pè é ní ìfẹ́ ilẹ̀. Ìwọ̀fà nìyẹn.

Èrò tèmi ni pé ká wá oko fún ẹni tí kò ní oko, kí àáró lè pé. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má láàlà. Kí àgbẹ̀ tàbí ètò tó gba ọmọ IT la ààlà fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ ogún ebè péré. Kó ro ti ọ̀gá rẹ̀, kí ọ̀gá náà wá sí tirẹ̀, kó fi ibi tó kù sí hàn án. Tó bá fa ẹ̀gúsí tirẹ̀ tu, kí àdánù jẹ́ tirẹ̀. Tí àgbàdo tirẹ̀ bá so, kí owó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà náà, bó bá tiẹ̀ padà sídìí kọ̀ǹpútà l'Ékòó, kò jẹ àgbẹ̀ ní gbèsè pé kó dúró. Ohun tó kù lọ́rùn rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ohun tó kọ́ parí sọ́dọ̀ òun nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ ṣe IT, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n máa san, ẹ béèrè èyí náà: "Èwo ni ebè tèmi?" Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọ̀gá tí ẹ ń gba ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹ̀gẹ́ tó gbìn bá gbó, ẹ pè é kó wá hú u.