Ìkà Òfún àti Ilé Ẹ̀yìnkùlé: Ta Ni Yóò San Owó Tí A Kò Kà?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wá bá mi nílé ní Okokomaiko. Sójà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, inú Ọ̀jọ́ Cantonment ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti kọ́ ilé tiwọn sí apá Ìbà. Ilẹ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìnkùlé wọn. Wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá méjì síbẹ̀, irú èyí tó ní ilé ìwẹ̀ àti ìdáná tirẹ̀, tí àwọn ọmọ LASU ń pè ní self-contain. Wọ́n ní kí n bi Ifá bóyá kí àwọn bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọlẹ̀, Ìkà Òfún ló jáde.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ odù náà. Níbẹ̀ ni àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún ti ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti tọrọ ẹ̀mí gígùn, tí Ifá sì ka ìkìlọ̀ fún wọn. Lára ìkìlọ̀ yẹn ni pé kí wọ́n má fi orúkọ ohun kan pe ohun mìíràn, kí wọ́n má sọ ohun tí wọn kò mọ̀. Wọn kò gbọ́. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, Ọ̀rúnmìlà ni wọ́n ń bú. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́, ìkìlọ̀ tí wọn kò pa mọ́ ni.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé ìṣirò yín."

Ẹnu yà wọ́n. "Awo, ìṣirò kẹ̀? Mo ṣebí Ifá lẹ̀ ń wò."

"Ifá náà ló ní kí n wò ó."

Wọ́n fà á yọ lápò. Bùlọ́ọ̀kù 1,000, sìmẹ́ǹtì, yanrìn, pákó, páànù, ilẹ̀kùn, owó bíríkìlà. Bùlọ́ọ̀kù ara ògiri kò kúrú. Ògiri wọn, bí a bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, jẹ́ mítà 38 ní gígùn, mítà 3 ní gíga. Mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, bùlọ́ọ̀kù 10 ló ń gbà. Tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, 1,000 ṣe é.

Ṣùgbọ́n wọn kò ka èyí tó máa wọlẹ̀. Ìpele kan ń gba nǹkan bí 85, ìpele márùn-ún ni ìpìlẹ̀ wọn. Bùlọ́ọ̀kù 425 nìyẹn tí kò sí nínú ìwé. Kò sí sọ́kàwéè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa yìí, omi inú ilẹ̀ kò jìnnà. Bí òjò bá dé, ihò tí a kò kọ́ dáadáa á kún, á tún dá a padà fúnni. Kò sí owó ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ òfin ètò ìlú ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2010, ní ká gbà á ká tó bẹ̀rẹ̀.

Mo wá wo apá owó tó ń wọlé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: owó ilé ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ wo? Wọn kò tíì bí ilé náà, ká tó sọ ẹni tó máa gbé inú rẹ̀. Bàbá ti fi orúkọ owó pe ohun tí kì í ṣe owó.

N kò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Lọ́dún 2023, èmi náà ṣe é. Ilé ẹ̀yìn mi dé ibi òrùlé, owó tán, mo bá gba owó ọdún kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Mo ní kó kó wọlé lẹ́yìn ọdún tuntun. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, gbogbo nǹkan ń gbówó lórí. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan ti kọjá 10,000 náírà níbi púpọ̀. Ọmọ náà gbé ẹrù rẹ̀ dé, òrùlé wà, sọ́kàwéè kò sí, ilé ìwẹ̀ kò nílẹ̀kùn. Orí ilẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sùn títí wọ́n fi ṣe ìdánwò. Bíríkìlà mi náà ń bọ̀ láràárọ̀, mo ń ní kó ní sùúrù. Sùúrù kọ́ ló máa fi ra gàárì.

Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo ń bú? Ìjọba. Dọ́là. Bí àwọn àgbà ìjelòó ṣe ń bú Ọ̀rúnmìlà gẹ́lẹ́. Lóòótọ́, èmi kọ́ ni mo gbé owó sìmẹ́ǹtì sókè. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni mo fi dá ọjọ́ tí n kò mọ̀.

Ẹnìkan á ní, "Bàbá awo, tí a bá ń dúró kí owó pé, ta ló máa kọ́lé l'Ékòó?" Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wa, díẹ̀díẹ̀ la fi kọ́ ọ: 50 bùlọ́ọ̀kù lóṣù yìí, àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lóṣù tó ń bọ̀. Ifá kò ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, náà gbà kí onílé gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kó má ṣáà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí ó bá ṣì í kà, òun ni òjò máa pa. Ẹni tó fi owó ayálégbé kọ́ ọ, tó sì ṣì í kà, orí ẹlòmíì ló gbé e lé, kò sì bi onítọ̀hún bóyá ó lè rù ú.

Ẹ wo bí a ṣe ń rúbọ. Kí ẹni tó wá tó dìde, a ti ka gbogbo ohun tí ẹbọ yóò gbà fún un. A kì í sọ pé kó rú ìdajì, kí aládùúgbò rẹ̀ rú ìyókù. Ìṣirò ilé náà nìyẹn. Iye tí a kò kà kì í parẹ́. Ó ń wá ẹni tí yóò san án, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ló sì sábà máa ń bá: lébìrà, akẹ́kọ̀ọ́, aládùúgbò tí omi wa ń ṣàn sí lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá sójà ti dín in kù sí yàrá kan. Wọ́n ka ìpìlẹ̀, wọ́n ka sọ́kàwéè àti ìwé àṣẹ, wọ́n sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ọjà tó lè wọ́n. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n rú ẹbọ wọn, wọ́n lọ.

Èmi náà dá owó ọmọ yẹn padà. Oṣù méje ló gbà mí. Mo parí ilé náà, mo sì ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kò wá gbé ibẹ̀.

Kí Ifá má jẹ́ ká kọ́ ilé tí ẹlòmíì yóò sunkún lé lórí. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.