Dókítà Tí Kì Í Gún Abẹ́rẹ́

Lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé egungun ẹsẹ̀ òun ń fọ́. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aládùúgbò wa kan ní Ìkọ̀lé fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa, a gba ọ̀nà Ọ̀yẹ́ lọ sí ọsibítù. Orí itan mi ni orí rẹ̀ wà. Nọ́ọ̀sì kan fa omi sí i lára, ó gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sọ fún ìyá mi pé n kò fẹ́ ṣe dókítà ọsibítù mọ́. Mo ní báọ́lọ́jì ni mo fẹ́ kà, kí n sì kà á títí dé oyè ọ̀mọ̀wé, kí n lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣu ni wọ́n ń bẹ lọ́wọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ lo fẹ́ jókòó máa wò nínú ẹ̀rọ? Lóru ọjọ́sí, ta ló gbà wá? Ṣé ọ̀mọ̀wé ni àbí nọ́ọ̀sì?"

N kò rí èsì fọ̀. Bí ẹnì kan bá ń jẹ̀rora lójú ẹni, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi í sílẹ̀ ká lọ máa wádìí ìrora?

Ìyá mi jàre ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹ wo bí ìwádìí ṣe máa ń pẹ́. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Califọ́níà gbé ìwádìí jáde nípa àrùn tí àwa ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Harvey Itano, ọmọ àwọn ará Japan tó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Ìjọba ti kó òun àti ẹbí rẹ̀ lọ sí àgọ́ ìhámọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ti di dókítà ìṣègùn ní 1945, ó sì lè máa gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tún padà di akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Pauling láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì dán haemoglobin wò, ìyẹn èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa, wọ́n sì rí i pé ti aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í rìn bákan náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Vernon Ingram ní Cambridge rí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní okùn ìlẹ̀kẹ̀ tó ní ẹyọ 146: ẹyọ kẹfà nìkan ló yàtọ̀. Nítorí ẹyọ kan yẹn, bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára haemoglobin náà, á lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bí dòjé, á dí ọ̀nà iṣan ẹ̀jẹ̀. Ibi tó dí ni ẹ̀gbọ́n mi dì mú lóru ọjọ́ yẹn.

Ó dára. Ìgbà wo wá ni oògùn dé? Hydroxyurea ni oògùn àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn náà, ní 1998. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń ké ní 1949 ti di ẹni ọdún 59 nígbà náà, bí ó bá ṣì wà láyé. Kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè wo ojú ìyá ọmọ yẹn kó ní iṣẹ́ òun wà fún un. Fún ẹlòmíràn ni, tí wọn kò tíì bí. N kò rò pé ó yẹ ká fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni ẹlòmíràn yẹn. Abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì pa ìrora òru kan, kò kan dòjé inú ẹ̀jẹ̀. Hydroxyurea tó ń lò láti ìgbà náà ni kò jẹ́ ká tún sáré lóru mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tó ń ríran nígbà tí àwọn yòókù ń sunkún kì í ṣe ọ̀dájú.

Kì í sì í ṣe òkèèrè nìkan ni wọ́n ti ń ríran. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Gladys Falusi, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì wa níbí, kẹ́mísìrì ló kọ́kọ́ kà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀yìn náà ló wá gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ̀. Kì í gún abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lórí àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá ló mú kí L'Oréal àti UNESCO fún un ní ẹ̀bùn àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 2001. Ní Yunifásítì Ifẹ̀ pẹ̀lú, ní 1971, Sofowora àti Isaacs-Sodeye kọ ọ́ pé omi gbòǹgbò orín àta ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Orín àta! Èyí tí ìyá àgbà mi ń run láràárọ̀. (N kò ní kí ẹnikẹ́ni máa run orín dípò oògùn o.) Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò gbé ibi tí wọ́n ti ń run orín àta, kò jọ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè sọ sí i lọ́kàn.

Ibì kan ṣì wà tó ń dùn mí. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù lágbàáyé. Ní 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn ṣe. Mílíọ̀nù méjì àti igba ẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n pe iye rẹ̀ fún ẹnì kan. Bí mo bá di ọ̀mọ̀wé, tí mo gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìkọ̀lé, tí ohun tí mo rí níbẹ̀ wá di ọjà tí ará Ìkọ̀lé kankan kò lè rà, kí ni mo ṣe? Wọ́n máa ń fi àwa Èkìtì ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé oyè náà dùn ún pè níbi ìnáwó, pé àwọn mìíràn sì ń gbà á tán wọn kì í bojú wẹ̀yìn.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn.

"Láti kékeré ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára mi. Kò sí ẹni tó jókòó tì mí rí láti sọ ohun tó rí níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá gba tèmi, padà wá sọ ọ́ fún mi, kódà bí kò bá sí oògùn níbẹ̀."

Mo sọ èyí fún ìyá wa. Wọn kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ọdún mélòó gan-an ni. Mo kà á fún wọn: mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́, bíi méjì fún ìkejì, ó kéré tán mẹ́ta fún ti ọ̀mọ̀wé.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ á ti pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà," ni wọ́n wí.