Ta Ni Ó Ni Iṣẹ́ Ọwọ́?

Bí ẹnì kan bá ra páálí tí ẹ̀yà ara rọ́bọ́ọ̀tì oníke wà nínú rẹ̀, tí ó sì tò wọ́n pọ̀ bí ìwé ìlànà ti wí, ǹjẹ́ ó lè sọ pé òun ni òun ṣe é?

Ilé-iṣẹ́ Bandai ní ilẹ̀ Japan ni ó gbé rọ́bọ́ọ̀tì Gundam alátòpọ̀ jáde ní 1980, ọdún kan lẹ́yìn tí eré Gundam bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò kò pọ̀: ẹ̀mú kékeré tí ń gé ike, ọ̀bẹ mímú, àti pépà oníyanrìn bí èyí tí káfíńtà fi ń ha pákó. Àwọn ẹ̀yà náà so mọ́ férémù ike bí èso lára ẹ̀ka. Ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń gé wọn: a ó kọ́kọ́ gé e lókèèrè, kí a tó wá rọra gé èyí tí ó kù, kí ojú ibẹ̀ má baà ya tàbí kí ó funfun. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti òde òní kò nílò gọ́ọ̀mù. Ẹní bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ọmọdé kan ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgándò, tí ó fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀, tí ó gé sálúbàtà gbígbó ṣe táyà. Kò sí ìwé ìlànà níwájú rẹ̀. Àwọn kan yóò ní òun nìkan ni oníṣẹ́ ọwọ́.

Èmi kò fara mọ́ èyí pátápátá. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Èkìtì bíi Bándélé ọmọ Aréògún ará Òsì: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó ti ń gbẹ́gi láti kékeré, ṣì lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Títẹ̀lé ọwọ́ ẹlòmíràn kò sọ ọ́ di aláìmọ̀ṣẹ́.

Ẹ̀rọ ti bá alátòpọ̀ ṣe ọnà lílé àti àlétúnlé. Dídán àti fínfín ni ó kù fún un. Apá kan iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ó má pe odidi rẹ̀ ní tòun. Ọmọ alágolo ní tirẹ̀ mọ ọnà lé, kò tíì rí ẹni kọ́ ọ ní dídán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìwà nìyí. Òbí tí ó ra rọ́bọ́ọ̀tì olówó gọbọi fún ọmọ, tí ó sì gbá ọkọ̀ agolo ọmọ náà sí ààtàn, ti kọ́ ọ pé èrò ẹlòmíràn ni ó níyì, pé tirẹ̀ kò ju pàǹtí lọ. Bẹ́ẹ̀, pépà tí ó dán apá rọ́bọ́ọ̀tì lè dán etí agolo tí ń gé ọmọ náà lọ́wọ́. Kí a gbé méjèèjì sórí tábìlì kan náà.