TA NI Ó SAN OWÓ AFẸ́FẸ́?

Bíbélì Kíkà: Jòhánù 6:5-13
Àkọ́sórí: Jòhánù 6:12

A fẹ́ràn iṣẹ́ ìyanu burẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì. A máa ń wàásù lórí ìbísí náà, a sì máa ń ṣe Àmín sí i kíkankíkan. Ṣùgbọ́n ohun tí Olúwa ṣe lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn yó ni ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ẹni tí ó lè sọ burẹ́dì di púpọ̀ nígbàkúùgbà, Òun náà ni ó rán àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé kí wọ́n lọ ṣa àjẹkù. Agbọ̀n méjìlá ni wọ́n kó jọ. Àyànfẹ́, Olúwa ń kọ́ wa pé ọ̀pọ̀ kì í ṣe àṣẹ láti fi nǹkan ṣòfò.

Wo inú ilé wa. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a kì í pa súwíìṣì. Nígbà tí wọ́n bá mú un dé lọ́sàn-án, tí gbogbo ilé ti lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ìwé, fáànù yóò máa fẹ́ àga, tẹlifísọ̀n yóò máa bá ògiri sọ̀rọ̀, gílóòbù ìta yóò sì máa bá oòrùn díje. Bí ẹnikẹ́ni bá wí, a ó ní, "Owó mi ni mo fi ra epo, owó mi ni mo fi san owó iná. Kí ló kàn ọ́?"

Ẹ jẹ́ kí a dáhùn ìbéèrè náà níwájú Ọlọ́run ní òwúrọ̀ yìí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí n fi ohun tí mo fi owó ara mi rà ṣòfò?

Lákọ̀ọ́kọ́, owó epo ni o san; o kò san owó afẹ́fẹ́. Lítà bẹntiróòlù kan tí jẹnẹrétọ̀ bá jó máa ń tú nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sí òfurufú. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ó ń bo ayé bí kúbùsù, kò jẹ́ kí ooru rọ́nà jáde. Iná ìjọba náà kò yọ sílẹ̀, nítorí gáàsì ni wọ́n fi ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Egbin lẹ́bàá Ìkòròdú. Ooru yìí wà lára ohun tí ó mú kí òjò ọdún 2022 le tó bẹ́ẹ̀, tí omíyalé fi pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Omi náà kò ya ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń tan àtùpà.

Èkejì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour". Àwàdà ni, ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń sọ: mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Olúwa sì ní kí a fẹ́ aládùúgbò wa gẹ́gẹ́ bí ara wa. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ ilé kejì sùn, èéfín rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọn wọlé. Ìwọ ni o ra epo. Àwọn ni wọ́n ń fa èéfín.

Olúwa kò ní kí o jókòó sínú òkùnkùn. Kíyèsí i pé àwọn ènìyàn yó kí Ó tó sọ̀rọ̀ àjẹkù. Iná tí ọmọ fi ń kàwé, iná tí ìyá fi ń ránṣọ, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Èyí tí ń jó láìsí ẹni tí ó ń lò ó ni àjẹkù tí a kọ̀ láti ṣà.

Ẹnìkan lè wí pé, "Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ni ó ba òfurufú jẹ́." Òtítọ́ ni. Tiwa kéré púpọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, wọn yóò sì jíhìn tiwọn. Ṣùgbọ́n Lúùkù 16:10 kò ní kí a dúró de ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ kí àwa tó ṣe olóòótọ́ nínú kékeré.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti nǹkan tí kò tó 200 náírà sí nǹkan bíi 500, a kọ́ bí a ti ń tètè pa jẹnẹrétọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n epo ni ó kọ́ wa, kì í ṣe ìfẹ́. Bí epo bá di pọ́ọ́kú lọ́la ńkọ́? Nígbà tí burẹ́dì pọ̀ ni Olúwa ní kí wọ́n ṣa àjẹkù. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọkàn ènìyàn.

ṢE É LÓNÌÍ: Kí o tó jáde, pa gbogbo súwíìṣì, yálà iná wà tàbí kò sí. Bí gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì bá jó, fi LED oní-9 wáàtì rọ́pò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Rẹ ẹ̀wà sómi kí o tó gbé e kaná, kí o sì dé ìkòkò. Bí ìsìn bá parí, pa jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

KÓKÓ ÀDÚRÀ: Baba, dárí ìfiṣòfò mi jì mí. Kọ́ mi láti fẹ́ aládùúgbò mi, títí dé orí afẹ́fẹ́ tí ó ń mí, ní orúkọ Jésù. Àmín.