Ẹnu Àlejò, Ìkòkò Olóúnjẹ

Lásìkò ọdún Ọlọ́jọ́, Ilé-Ifẹ̀ máa ń kún. Àlejò á wo ààfin Ọ̀ọ̀ni ní Ẹnuwá, á wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí rẹ̀, á dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Kó tó yí ìyẹn po tán, ebi á ti máa pa á. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ amọ̀nà ti máa ń yí padà. Kò ní sọ ìtàn mọ́, ibi oúnjẹ ló kù tí yóò máa kó àlejò lọ: iyán níbí, àkàrà lọ́hùn-ún, ẹmu ní òpin ọ̀nà. Ní àwọn ìlú ńláńlá lókè òkun, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe jíjẹ-mímu ni èyí. Èèyàn á sanwó fún ẹni tí yóò mú un rìn kiri, kó lè máa tọ́ oúnjẹ ìlú wò díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń wọlé sí ọ̀dọ̀ wa náà, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìwà tí wọ́n ń hù nídìí ìkòkò ni mo fẹ́ gbé lé ìwọ̀n ọmọlúàbí.

Mo wà ní búkà kan nígbà tí amọ̀nà kó àwọn àlejò rẹ̀ wọlé. Ìyá olóúnjẹ ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́, àwọn awakọ̀ tò sí iwájú rẹ̀, oníkálukú mú owó rẹ̀ dání. Amọ̀nà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó ní, "Màmá, ẹ bu díẹ̀díẹ̀ fún wa, a kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni." Màmá bù ú: iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú odó, ẹ̀gúsí, ìgbín tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kó lè kárí. Àlejò kan na fóònù sókè ìkòkò, ó ní kí màmá tún ọbẹ̀ yẹn rò kí fídíò lè dáa. Òmíràn fi ìgbín kan ẹnu, ó fajú ro, ó sì ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n dìde, amọ̀nà dúpẹ́, ó ní ayé máa rí màmá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó sanwó. Ni awakọ̀ kan bá na àwo tirẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí èmi náà tọ́ ọ wò." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo ojú amọ̀nà yẹn.

Ká má parọ́, títọ́ nǹkan wò kì í ṣe àjèjì lọ́jà wa. Ta ni kì í fọwọ́ bu gàrí sẹ́nu kó tó ná an? Ẹlẹ́gàrí kì í bínú, torí ó mọ̀ pé bó bá kan, bó bá sì kúnná, oníbàárà á rà. Ẹni tó bá ń tọ́ gàrí kiri ọjà láti òwúrọ̀ láì ra ife kan, wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Iyán tún wá le ju gàrí lọ. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un títí kò fi ní ní kókó, gbogbo ẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Òkèlè kan kéré lójú ẹni tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lójú ẹni tí wọ́n ń kó àlejò wá bá lójoojúmọ́, odidi iṣu ni.

Àlejò lójú, kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Èmi kò dá àlejò lẹ́bi púpọ̀. Ó ti sanwó fún amọ̀nà kí wọ́n tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì gbà pé owó olóúnjẹ wà nínú rẹ̀. Amọ̀nà ló mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ọmọ ìlú ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba àwo lọ́wọ́ àgbà. Ó mọ̀ pé bí àwọn tó ń jẹun bá ní "Ẹ bá wa re o", "Á gbabire" ni èsì tó yẹ, kì í ṣe kéèyàn ki ọwọ́ bọ àwo wọn. Gbogbo èyí, ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbà á láti sọ ọ́ kí wọ́n tó wọlé? Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, tó tún ń fi òógùn ojú ìyá kan ṣe ọ̀yàyà fún àlejò, òun ló jìnnà sí ọmọlúàbí jù nínú gbogbo wọn.

Ìdí ẹmu tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹmu àárọ̀ máa ń dùn lẹ́nu. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, ó ti kan, ó sì ti le. Àlejò tó ń mu ahá kan tẹ̀ lé òmíràn nírọ̀lẹ́, tó rò pé èyí tóun mu láàárọ̀ náà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sọ fún un. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ifẹ̀ ni pé Ọbàtálá ni Olódùmarè rán wá dá ilé ayé, pé ó mu ẹmu yó lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún Ọbàtálá àti fún àwọn tó ń sìn ín. Ohun tó wù mí nínú ìtàn yìí ni pé Ifẹ̀ kò tìtorí ẹmu sọ Ọbàtálá di ẹni ẹ̀tẹ́: òun náà ni wọ́n ṣì gbà pé ó ń mọ ọmọ nínú ikùn. Amọ̀nà tó bá ń sọ ìtàn yẹn nídìí ẹmu máa ń fi ẹ̀rín sí i, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti rí àlejò tó gbọ́ ọ tán, tó sì tún ń na ahá sí bàbá aláṣọ funfun kan tó ń sin Ọbàtálá, tó ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó rò pé ojú ló ń ti bàbá náà. Amọ̀nà dúró, ó ń ya fọ́tò.

Fọ́tò yìí mú mi rántí William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣèwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938. Ó wádìí oúnjẹ wa débi pé àpilẹ̀kọ méjì ló gbé jáde lórí rẹ̀ ní 1951, ọ̀kan lórí oúnjẹ Yorùbá, ìkejì lórí bí wọ́n ṣe ń sè é. N kò rí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1938 tí wọ́n wú àwọn orí idẹ àtijọ́ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, Bascom yìí kan náà ra méjì, ó sì kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Ó dá wọn padà nígbà tó yá, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Òmíràn tí òyìnbó mìíràn rà wà ní British Museum títí di òní. Ọbẹ̀ kì í ṣe orí idẹ, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó ya ìyá olóúnjẹ ní fídíò nígbà tó ń sè é, tó ń fi fídíò náà pawó, tí kò sì bi í bóyá ó gbà, nǹkan kan ló gbé lọ tí kò sanwó rẹ̀.

Olóúnjẹ náà kò gbọ́dọ̀ rò pé mo ti dá a láre tán. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ èdè òyìnbó, owó àwo kan á di ti mẹ́ta. Iṣu lèèyàn ń ná, kì í ṣe iyán. Orí oúnjẹ tútù lọ́jà la ti ń dúnàádúrà. Iye tí awakọ̀ ń san fún iyán, kí àlejò náà san án, kó sì fi ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ lé e bó bá wù ú.

Bí mo bá tún fẹ́ háyà amọ̀nà ní Ifẹ̀, ìbéèrè kan ni màá kọ́kọ́ bi í: èló ni ìyá olóúnjẹ máa gbà nínú owó yìí? Bó bá sọ ọ́, a jọ ń lọ nìyẹn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí, màá gba Lágere lọ sí búkà fúnra mi, màá tò sẹ́yìn àwọn awakọ̀, màá sì ra odidi àwo kan.